Adé, oṣé àti aṣọ Ṣàngó fún eré orí ìtàgé: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Aránṣọ Mọ́kọ́lá:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Aránṣọ ni mí n'Ìbàdàn. Ìró, bùbá àti aṣọ ẹbí ni mo sábà ń rán. Ilé ẹ̀kọ́ kan ládùúgbò wa fẹ́ ṣe eré Ṣàngó ní ìparí táàmù, wọ́n sì ní kí n bá àwọn ṣe gbogbo aṣọ àti ohun tí àwọn òṣèré máa gbé lọ́wọ́. Ọmọ 19 ló wà nínú eré náà, ọ̀sẹ̀ 5 ló sì kù. Owó tí wọ́n kó fún mi ò tó nǹkan, àmọ́ mi ò fẹ́ kó rí bíi ti àwọn tó kàn ń lẹ páálí mọ́ ọmọ lórí tí wọ́n á ní ọba nìyẹn.

Adé ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo ti kọsẹ̀. Mo rí fọ́ọ̀mù funfun, irú èyí tí wọ́n fi ń há tẹlifíṣọ̀n mọ́ inú páálí kó má baà fọ́. Ó fúyẹ́, ọ̀bẹ sì ń gé e wẹ́rẹ́. Mo gbẹ́ ẹ títí ó fi yọ ṣóńṣó bí adé. Mo wá kun gọ́ọ̀mù àwọn oníbàtà sí i lára kí n lè lẹ aṣọ mọ́ ọn. Kí n tó mú aṣọ nílẹ̀, fọ́ọ̀mù ti ń yọ́ lójú mi, ó ń hó wùrùwùrù, ihò ń là lára rẹ̀ bí igi tí ikán jẹ. Iṣẹ́ ọjọ́ 2 lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Mo fẹ́ adé tí ọmọ ọdún 16 lè dé fún nǹkan bíi wákàtí kan tí ọrùn ò ní máa ro ó. Mo fẹ́ oṣé, àáké olójú méjì ti Ṣàngó, tí kò ní ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, torí àwọn ọmọ yìí máa ń fi gbogbo agbára jó. Aṣọ tí Ṣàngó wọ̀ nígbà tó jẹ́ ọba gbọ́dọ̀ yí padà nígbà tó bá di òrìṣà, kò sì sí àyè tó máa fi sá lọ sẹ́yìn lọ pààrọ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà níbi ìjà Tìmì àti Gbọ̀ọ́nkáà, àwọn jagunjagun Ṣàngó méjì. Iná tí wọ́n sọ Gbọ̀ọ́nkáà sí náà wà ńbẹ̀, òun ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀:

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Gọ́ọ̀mù oníbàtà àti fọ́ọ̀mù funfun kì í bá ara wọn gbé. Ọ̀dà tí wọ́n ń fọ́n láti inú agolo náà á jẹ ẹ́ bákan náà. Bí fọ́ọ̀mù bá ṣì kù lọ́wọ́ rẹ, gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà ni kó o lò. Bu omi là á, ya ìwé ìròyìn wẹ́wẹ́, kó o máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ní ìpele mẹ́ta, kí ìpele kan gbẹ kó o tó fi òmíràn lé e. Tó bá ti bora tán, ọ̀dà tó bá wù ọ́ lo lè kùn.

Àmọ́ kí ló dé tí a ó máa wá fọ́ọ̀mù kiri? Wo bí àwọn tó ń ṣe adé gidi ṣe ń ṣe é. Wọ́n á kọ́kọ́ hun egungun adé bí ẹni hun agbọ̀n, láti ara igi ọ̀pẹ tàbí páálí líle. Wọ́n á rẹ aṣọ funfun sínú sítáàṣì, wọ́n á nà án bo egungun yẹn, wọ́n á sì sá a sóòrùn títí yóò fi le gan-an. Àwọn ojú tí à ń rí níwájú adé, àkísà tí wọ́n tì bọ sítáàṣì ni wọ́n fi ń mọ imú rẹ̀, ètè rẹ̀ àti ìpéǹpéjú rẹ̀. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ ni wọ́n tó sin ìlẹ̀kẹ̀ sínú òwú, tí wọ́n á máa rán òwú ìlẹ̀kẹ̀ náà mọ́ ọn lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ̀fọ̀n Aláayè ní Èkìtì lókìkí nídìí iṣẹ́ yìí láti ayébáyé. Aránṣọ ni ọ́, abẹ́rẹ́ ò ṣàjèjì sí ọ, nítorí náà ọ̀nà yìí yá ọ ju ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀mù lọ.

Bí mo ṣe ń po sítáàṣì mi nìyí. Ife kan, màá fi omi tútù pò ó kó má ṣe kókó, màá wá máa da omi tó ń hó lé e, màá máa rò ó láìdáwọ́ dúró, títí yóò fi ki tí yóò sì máa dán. Kó tutù díẹ̀ kó o tó ti aṣọ bọ̀ ọ́. Fún aṣọ níwọ̀n, má jẹ́ kó máa kán tótó. Lo aṣọ òwú. Aṣọ ọ̀rá kì í mu sítáàṣì. Fi ọ̀rá bo ohun tó o bá na aṣọ lé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ ọn títí ayé. Bí o bá mọ imú, fi ìka tó tutù tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé dáadáa, kó jìn ju imú èèyàn lọ. Lókèèrè, òjìji tó wà nínú kòtò yẹn ni ojú ń rí.

Má ṣe fi ìlẹ̀kẹ̀ bo gbogbo rẹ̀. Owó rẹ ò ní tó, ọrùn ọmọ náà ò sì ní gbà á. Rán ìlẹ̀kẹ̀ tòótọ́ sí ojú iwájú, sí etí adé àti sí ẹyẹ orí rẹ̀. Níbi tó kù, po gọ́ọ̀mù funfun mọ́ ọ̀dà, rọ ọ́ sínú ọ̀rá, gé ẹnu rẹ̀ ní tínńtín bí àwọn tó ń ṣe kéèkì ṣe ń ṣe, kó o wá máa kán an ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kó tò bí ìlẹ̀kẹ̀. Tó bá gbẹ, á yọ gúńkú-gúńkú, iná ìtàgé á sì máa tàn lórí rẹ̀. Mo ti jókòó ní ìlà kẹta tí mi ò sì mọ èyí tó jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ gọ́ọ̀mù.

Ọ̀rọ̀ ìbòjú, àwọn okùn ìlẹ̀kẹ̀ tó ń bo ojú ọba, ńkọ́? Tó bá jẹ́ pé ọba náà kàn máa jókòó ni, sin ín kó gùn kó sì kún. Ṣùgbọ́n Ṣàngó máa sọ̀rọ̀, ó máa kígbe. Jẹ́ kó mọ sí imú, kí àlàfo ìka méjì sì wà láàárín okùn kan àti ìkejì kí àwọn tó ń wòran lè rí ojú rẹ̀.

Ohun kan tí mo fẹ́ kó o fi sọ́kàn: má lọ yá adé lọ́wọ́ ìdílé kankan, ì báà jẹ́ pé wọ́n fínnúfíndọ̀ fún ọ. Adé tó ní ìbòjú kì í ṣe fìlà. Èyí tó o fọwọ́ ara rẹ ṣe fún eré, ti eré ni.

Agbẹ́gi Ọ̀yọ́:

Ẹ ṣeun, Ìyá. Àbúrò, ọ̀rọ̀ oṣé ni tèmi.

Oṣé tí à ń gbẹ́ fún àwọn oníṣàngó máa ń ní obìnrin tó kúnlẹ̀ níbi ọ̀pá rẹ̀, orí obìnrin náà ni ojú méjèèjì ti yà sọ́tùn-ún sósì. Ẹdùn àrá ni ojú méjèèjì yẹn dúró fún. Igi gidi ni, ó wúwo, bó bá bọ́ lọ́wọ́ oníjó ó lè fọ́ eyín ẹlòmíì. Má gbé irú rẹ̀ lé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́.

Páìpù omi tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni kó o fi ṣe ọ̀pá. Ojú rẹ̀, lọ bá àwọn oníbàtà kó o ra rọ́bà tí wọ́n ń gé sísàlẹ̀ sílípáàsì. Gé e ní ìpele méjì, kí páìpù wà láàárín wọn. Ibí yìí ni gọ́ọ̀mù oníbàtà ti wúlò, torí kò ní jẹ rọ́bà yẹn. Fi sáńpépà pa etí rẹ̀ kó yí róbótó, kí ibì kankan má ṣe mú. Obìnrin oníkùúnlẹ̀ náà, fi àkísà àti sítáàṣì Ìyá mọ ọ́n mọ́ ara páìpù. Kí gbogbo rẹ̀ má wúwo tó kílò kan.

Jẹ́ kó tóbi ju ti gidi lọ díẹ̀. Èyí tó tó oṣé gidi máa dà bí ṣíbí lọ́wọ́ òṣèré lójú ẹni tó jókòó lẹ́yìn.

Ọ̀dà rẹ̀ ni àwọn èèyàn máa ń bàjẹ́. Wọ́n á kun àwọ̀ igi kan ṣoṣo, á wá dà bí ṣokoléètì. Kun dúdú sí gbogbo rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Tó bá gbẹ, ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú àwọ̀ igi, nù ún mọ́ ìwé títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kó o wá máa fi gbá ibi tó yọ síta nìkan. Kòtò á dúdú, orí á mọ́. Lẹ́yìn náà, mú pupa díẹ̀ sí ibi tí ọwọ́ máa ń dì mú, torí ibẹ̀ ni ohun tó ti pẹ́ lọ́wọ́ èèyàn ti máa ń yí àwọ̀. Rán okùn aláwọ̀ dúdú mọ́ ìdí ọ̀pá kí oníjó kì í bọ ọrùn ọwọ́. Ṣe méjì o. Ọ̀kan á ya.

Ṣẹ́ẹ̀rẹ́ ní tirẹ̀ kò ní àrọ́pò. Ra akèrègbè ọlọ́rùn gígùn lọ́jà, kóró ìdò ni kó o dà sínú rẹ̀. Ìró ni iṣẹ́ rẹ̀, páálí ò lè dún bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ìjẹ̀un:

Ẹ̀jẹ̀ ni tèmi, ó yá kíákíá. Fún èyí tó máa kan ẹnu: oyin, àwọ̀ pupa tí wọ́n ń fi sí kéèkì, àti ìyẹ̀fun kòkó bíi ìdajì ṣíbí kékeré kí pupa rẹ̀ lè ṣú. Láìsí kòkó, á dà bí ọ̀dà. Fún èyí tó máa kan aṣọ: ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ ni kó o fi dípò oyin, nítorí ọṣẹ ti wà nínú rẹ̀ nígbà tó o bá máa fọ̀ ọ́. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi eléyìí kan ẹnu tàbí ojú. Dì í sínú ọ̀rá kékeré, kí òṣèré fi pamọ́ sọ́wọ́, kó tẹ̀ ẹ́ fọ́ nígbà tí idà bá kàn án. Fi omi tútù fọ aṣọ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an.

Má lo sóbò. Èmi ti lò ó rí. Bí ọṣẹ ṣe kàn án báyìí ló yí dúdú bí aró lára aṣọ funfun tí mo yá.

Baba Ọ̀jẹ̀:

Ọmọ mi, ìbéèrè rẹ nípa aṣọ tó ń yí padà mú inú mi dùn. Ilé aláré ni wọ́n bí mi sí. Ohun tí gbogbo ayé ń rí ní gbangba ni mo fẹ́ sọ, mi ò ní tú awo.

Àwọn alárìnjó, òṣèré eégún tó ń ti ìlú dé ìlú, ò ní ilé ìtàgé, wọn ò ní aṣọ títa tí wọ́n á sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Agbo eré ni, èèyàn yí wọn ká. Síbẹ̀ ẹni tó wọlé bí eégún lásán á di erè, á di ọ̀nì, á di òyìnbó onímú gígùn, lójú gbogbo ayé. Aṣọ olójú méjì ló ń ṣe é. Inú aṣọ kì í ṣe inú lásán, ojú kejì ni. Oníjó á tẹ̀ ba, á fa aṣọ láti ẹsẹ̀ gba orí, ohun tó wà nínú á sì di ohun tó wà lóde. Ìlù kì í sinmi nígbà náà, torí ìlù ló ń kó ojú èèyàn lọ.

Nítorí náà, agbádá Ṣàngó rẹ: kí òde rẹ̀ jẹ́ aṣọ ọba, kí inú rẹ̀ jẹ́ pupa tí a to owó ẹyọ sí. Já èjìká méjèèjì, kí ó jẹ́ ìkọ́ ni wọ́n fi so pọ̀. Bó bá tú ìkọ́, tó sì fa apá iwájú wá sílẹ̀, pupa á já bọ́ dé orúnkún, á bo ìbàdí rẹ̀. Abẹ́ agbádá ni kó ti ró wàbì rẹ̀, ìyẹn yẹ̀rì àwọn oníṣàngó, sí láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Irun rẹ̀ náà, kí wọ́n ti dì í ní ṣùkú sábẹ́ adé. Ìgbà tó bá ṣí adé, àwọn tó mọ̀ á mọ̀ pé ó ti di Olúkòso, Ṣàngó òrìṣà.

Má fi ìdè alẹ̀mọ́ra tó máa ń wà lára báàgì àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ṣe é. Ó ń dún fàràrà. Bí bàtá bá dákẹ́ díẹ̀, gbogbo ilé ló máa gbọ́ ọ.

Kí ọmọ náà fi aṣọ yẹn dánra wò lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó kéré tán. Aṣọ tí kò mọ oníjó á dójú tì í.

Atannásóríìtàgé:

Baba, ẹ kú ọgbọ́n. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ iná mànàmáná kún un, nítorí mo ti rí aṣọ olówó gọbọi tó kú sórí ìtàgé.

Bí ẹ bá ń ronú ẹtù fún ọba, ẹ rọra. Aró ẹtù jìn púpọ̀. Lábẹ́ iná, dúdú lásán ni àwọn tó ń wòran máa rí, pàápàá bí ẹ̀yìn ìtàgé bá dúdú. Ẹ fi òwú funfun ṣe iṣẹ́ ọrùn rẹ̀ kó fẹ̀, kí ojú lè mọ ibi tí aṣọ parí sí. Sányán gba iná dáadáa, àwọ̀ ilẹ̀ rẹ̀ máa ń móoru. Àlàárì dára fún Ọya. Sátíìnì ni kẹ́ ẹ má lò. Ó ń kọ mànà, á sì ba ojú ọba jẹ́.

Pupa ló léwu jù. Bí iná aláwọ̀ ewé bá bọ́ sórí aṣọ pupa, aṣọ náà á dà bí èédú. Bí iná pupa bá bọ́ sórí ẹ̀jẹ̀, ẹ ò ní rí ẹ̀jẹ̀ náà mọ́ rárá lára aṣọ funfun. Torí náà ẹ mú gígé aṣọ kọ̀ọ̀kan lọ bá ẹni tó máa tanná, kẹ́ ẹ wò ó lábẹ́ iná náà gan-an kẹ́ ẹ tó ra ọ̀pá kan.

Dúró Ládípọ̀, ọ̀gá òṣèré nì, gbé ìtàn Ṣàngó yìí kan náà lọ sí Berlin lọ́dún 1964. Àwọn tó wò ó lọ́hùn-ún ò gbọ́ Yorùbá, ojú àti etí ni wọ́n fi tẹ̀ lé e. Mo máa ń rò ó bẹ́ẹ̀ nígbàkigbà tí mo bá ń wo aṣọ: bí ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan bá wọlé báyìí, ṣé á mọ ẹni tó jẹ́ ọba, ṣé á mọ ìgbà tó di òrìṣà?

Ọmọ Yorùbá Peckham:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. À ń ṣeré níbí fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí London. Iná Gbọ̀ọ́nkáà ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ má tan iná gidi, ẹ̀gbọ́n. Kò sí kẹrosíìnì, kò sí àbẹ́là, kò sí nǹkan kan. Ìko, òwú àti aṣọ ọ̀rá ni gbogbo ohun tó wà lára àwọn ọmọ yẹn. Níbí, àwọn tó ni gbọ̀ngàn máa ń béèrè bóyá aṣọ títa orí ìtàgé ti gba oògùn tí kì í jẹ́ kó tètè gbiná kí wọ́n tó gbà wá wọlé.

Ẹ ra ṣífọ́ọ̀nù pupa, olómi ọsàn àti yẹ́lò. Ẹ gé e ní ṣóńṣó-ṣóńṣó bí ahọ́n, kí òmíràn gùn ju òmíràn lọ. Ẹ rán ìdí gbogbo wọn mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ẹ gbé fáànù kékeré sísàlẹ̀ kó dojú kọ òkè, kẹ́ ẹ fi àpótí tí a kùn bí igi ìdáná bò ó níwájú. Iná mànàmáná aláwọ̀ ọsàn á máa tàn láti ìsàlẹ̀. Bí fáànù bá ṣíṣẹ́, aṣọ á dìde, á máa jó, ẹ̀rù á sì ba àwọn ọmọdé. Ẹ lẹ wáyà mọ́lẹ̀ kí ẹsẹ̀ má kọ́ ọ. Ariwo fáànù kì í tán, nítorí náà ẹ ní kí onílù fi ìlù bò ó mọ́lẹ̀.

Aṣọ pupa àti funfun fún Ṣàngó, ẹ dì í mú. Ní Kúbà àti Brazil náà, àwọ̀ méjèèjì yẹn ni wọ́n ṣì fi ń mọ̀ ọ́n. Ọ̀rẹ́ mi kan láti Havana wọlé síbi ìdánrawò wa, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, ó sì dìde fún Ṣàngó.

Aránṣọ Mọ́kọ́lá:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀, mo tún kúnlẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ adé pẹ̀lú páálí àti sítáàṣì. Ìbéèrè kan: ṣé owó ẹyọ gidi ni kí n rán sí inú agbádá, àbí oníke?

Agbẹ́gi Ọ̀yọ́:

Gidi. Ó ń dún wàràwàrà.

Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀:

Èmi ò gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi lórí èyí. Agbádá tó máa já bọ́ láti èjìká, bó bá wúwo jù, á fa òwú ya. Fi gidi sí etí ìsàlẹ̀ kó lè dún kó sì fa aṣọ wálẹ̀, kó o wá rán oníke sókè. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni kó o so kókó sí, má fi òwú kan ṣoṣo gba gbogbo rẹ̀ kọjá. Bí okùn yẹn bá já lórí ìtàgé, àwọn ọmọ á máa yọ̀ ṣubú lórí owó ẹyọ. Tó o bá parí adé, fi káfúrà sínú àpótí rẹ̀. Aáyán àti eku fẹ́ràn sítáàṣì.

Aránṣọ Mọ́kọ́lá:

Mo padà wá jábọ̀. A fi gbogbo aṣọ dánra wò lánàá.

Adé dúró. Mo fi fọ́ọ̀mù rírọ̀ tẹ́ inú rẹ̀, mo sì so rọ́bà aláwọ̀ ara gba abẹ́ àgbọ̀n. Ọmọ náà dé e fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mélòó kan, ó ní òun ò tiẹ̀ rántí pé ó wà lórí òun. Ohun tí mi ò retí ni òógùn: sítáàṣì rọ̀ níwájú orí. Mo ti fi ọ̀dà kun inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi ọ̀rá tẹ́ ẹ kí n tó dá fọ́ọ̀mù padà.

Ìbòjú ń wọ ọ lẹ́nu nígbà tó bá kígbe. Mo gé e kù sí òkè imú.

Oṣé kìíní ya lọ́jọ́ kejì, bí ẹ ṣe wí. Ìkejì wà.

Aṣọ ni kí n sọ. Ìgbà 6 àkọ́kọ́ tó gbìyànjú rẹ̀, ìkọ́ òsì ò tú. Mo yọ ọ́, mo fi ìkọ́ ńlá tí a fi ń rán yẹ̀rì sí i, mo rán òwú pupa mọ́ ìdí rẹ̀ kí ìka lè mọ̀ ọ́n láìwò. Lánàá, bàtá ń dún, ó tẹ̀ ba, ó dìde, pupa já bọ́ pẹ̀lú ìró owó ẹyọ yẹn, ó sì ṣí adé. Àwọn obìnrin tó ń se oúnjẹ nílé ẹ̀kọ́ náà wá dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn láti wòran. Àgbà kan láàárín wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ki Ṣàngó. Kò sẹ́ni tó ní kó kì í.

Ìlẹ̀kẹ̀ 3 já lára ẹyẹ orí adé, mo ti rán wọn padà. Aago 4 ọ̀la la máa bẹ̀rẹ̀.